Ohùn Tó Ń Ṣíwájú Adéyẹmọ

Òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Tinúadé àti Adéyẹmọ, ọkọ rẹ̀, yà sí ilé oúnjẹ kékeré kan tí obìnrin ará Fietnámù kan ti ń po oúnjẹ ìlú wọn mọ́ tiwa. Wọ́n fẹ́ jẹun kí wọ́n tó forí lé ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ móoru, ó sì tuni lára. Ọkùnrin kan tó kọjú sí ògiri ló jókòó sẹ́yìn Tinúadé.

Bí wọ́n ṣe gbé núdù olómi wá, Tinúadé gbọ́ ohùn ọkùnrin náà: "Efinrin mà ni wọ́n fi sè é."

Adéyẹmọ tọ́ omi rẹ̀ wò. "Efinrin mà ni wọ́n fi sè é."

Tinúadé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò pẹ́ tí ohùn náà tún fi dún: "Òjò yìí ò ní dá. Jẹ́ ká máa lọ."

Adéyẹmọ wo fèrèsé. "Òjò yìí ò ní dá. Jẹ́ ká máa lọ."

Ohùn ọkọ rẹ̀ gan-an ni ti ọkùnrin náà, kò yàtọ̀ rárá. Tinúadé tẹ̀ sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ ò gbọ́ ọkùnrin ẹ̀yìn mi yìí ni?"

"Ọkùnrin wo? Èmi ò rí ẹnì kankan."

Ohùn náà pariwo lẹ́yìn rẹ̀: "Tinúadé, dì mí mú!"

Tinúadé já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, a ò lọ síbì kankan lálẹ́ òní."

Adéyẹmọ fẹ́ bínú. Àga kan wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn Tinúadé. Adéyẹmọ gbójú sókè wo ibẹ̀, ojú rẹ̀ sì funfun bí eérú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyàwó rẹ̀.

"Tinúadé, dì mí mú!"

Tinúadé dì í mú. Kò bojú wẹ̀yìn.