Ẹni Tó Ṣáájú

Ní Fúráìdè kan, àwọn tó fẹ́ la títì tuntun wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé aránṣọ kan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún un. Wọ́n ní bó bá ní ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba, kó mú un wá, àwọn á yẹ ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti bá omi lọ lọ́dún tí òjò ya wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan wà ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ìlú. Ó rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, tó fi orúkọ ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀, ká lọ mú un ló kù.

Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì náà. Akọ̀wé kan ló jókòó ní yàrá iwájú, lẹ́yìn fèrèsé onírin. Bàbá tó ń tọ́jú fáìlì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ará ìta kì í rí i. Àwọn èèyàn a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ihò kékeré kan lára ògiri ni òun àti akọ̀wé fi ń na ìwé síra wọn. Ní Mọ́ńdè, aránṣọ kọ fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé tì í gba inú ihò, ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà fọ́ọ̀mù náà, ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó padà wá. Akọ̀wé gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó na fọ́ọ̀mù tuntun sí i. Ìgbà yòówù kéèyàn wá, fọ́ọ̀mù tuntun ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, kò ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wọlé, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ìdáhùn tó jáde. Akọ̀wé kà á fún un pé ẹnì kan ti béèrè fáìlì yẹn ṣáájú, wọ́n sì ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún onítọ̀hún.

“Ta ni?”

“Mà, òfin ò gbà wá láyè ká sọ. Àwa gan-an, nọ́ńbà la mọ̀.”

“Ìgbà wo ló máa wá gbé e?”

“Ìgbà tó bá wù ú.”

Ní Mọ́ńdè kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tó fi di ìkarùn-ún, akọ̀wé ní àwọn tó ń béèrè fáìlì ọ̀hún ti ń pọ̀ sí i. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń ro ẹni tó lè jẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, jórinjórin ni. Ó ti sọ ọ́ rí pé kí àwọn ta ilé náà, kí àwọn pín in. Wọ́n jà sí i, wọ́n sì parí rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ nípa àmì pupa, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá tààrà láti ibi iṣẹ́, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun bá a lọ sí ọ́fíìsì. Aránṣọ wò ó láti òkè délẹ̀.

“Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí kí n lè ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ sọ fún àwọn tí o rán síbẹ̀ pé mo ti mọ̀.”

Ọkùnrin náà gbé àpótí rẹ̀, ó lọ, kò sì wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ débi pé ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó kàn jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni, kò rán nǹkan kan.

Ní Mọ́ńdè kẹjọ, ó mú lẹ́tà kan dání. Ó bẹ akọ̀wé kó bá òun fi í mọ́ fáìlì náà, kí ẹni tó ṣáájú lè rí i nígbà tó bá dé. Akọ̀wé ní èyí ò sí lára iṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n àánú obìnrin náà ṣe é, ó bá a tì í gba inú ihò. Lẹ́tà náà ò gùn.

“Ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mi, bó bá jẹ́ àbúrò mi ni, mo ti dárí jì ọ́, dákun jẹ́ kí n rí ìwé bàbá wa. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ilé yìí nìkan ni mo ní láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé fáìlì yín, kó lè kàn mí.”

Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Ó lọ ní Mọ́ńdè kẹsàn-án, ó lọ ní ìkẹwàá, ó lọ ní ìkọkànlá, ó lọ ní ìkejìlá. Ní ìkẹtàlá, akọ̀wé ò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó na fọ́ọ̀mù sí i, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀.

Ní Fúráìdè ọ̀sẹ̀ yẹn, oṣù mẹ́ta pé, katapílà dé. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó gbé àga tó ń lò ní ìdí rẹ̀, ó dúró lódìkejì títì. Àwọn aládùúgbò ní kí àwọn ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe é. Kó tó di ọ̀sán, ilé ti di òkìtì bíríkì. Ó ru ẹ̀rọ náà, ó sì kúrò ní àdúgbò.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, bàbá yàrá ẹ̀yìn fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fi akọ̀wé rọ́pò rẹ̀. Bàbá náà ti kọ ìlànà iṣẹ́ sílẹ̀ dáadáa: fáìlì tí a bá ti yọ fún ẹnì kan, orí pẹpẹ ni yóò wà títí ẹni náà yóò fi mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, ẹni tó bá tún béèrè, ká so fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lé ti ẹni tó ṣáájú. Fáìlì kan péré ló wà lórí pẹpẹ ọ̀hún, eruku ti bò ó. Lẹ́tà aránṣọ wà lábẹ́ okùn tí wọ́n fi dì í, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i.

Akọ̀wé tú okùn náà, ó ń ṣí àwọn fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ti ẹni tó ṣáájú nísàlẹ̀ pátápátá, orúkọ aránṣọ náà ló sì wà níbẹ̀.