Ilẹ̀ Tí Kò Jẹ Òkú Mọ́

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí ètè mi wú bí búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n kó má wú jù o, torí kò sí onítàn tí kì í bù mọ́ ọn díẹ̀.

Àgbẹ̀ alágbàdo kan wà tí a ń pè ní Kánjúkánjú. Àìnísùúrù ni àrùn tó ń ṣe é. Ohun tó bá gbìn láàárọ̀, ó fẹ́ kó gbó lọ́sàn-án. Kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó pín oko fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ní ẹni tí ilẹ̀ bá kú mọ́ lọ́wọ́, kó gbé e fún ẹnì kejì. Kòtò tóóró kan ló pààlà oko méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n a máa kó ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò àgbàdo jọ títí yóò fi jẹrà, tí yóò dúdú bí èédú. Èyí ni yóò dà sílẹ̀ kó tó kọ ebè. Bí àgbàdo bá ga dé orúnkún, yóò wá bu ajílẹ̀ òyìnbó inú àpò, ìdérí ìgò kan péré, sí ẹ̀bá ìdí kọ̀ọ̀kan.

Kánjúkánjú ní ìyẹn ti pẹ́ jù. Ó dáná sun pòròpórò tirẹ̀, ó ní ìgbẹ́ ò ní kan ọwọ́ òun láé. Ajílẹ̀ inú àpò nìkan ló ń dà, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, àgbàdo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o,” ló pè láti òdìkejì kòtò. “Òórùn yín ti dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi, àgbàdo lò ń bọ́. Àwọn tó ń gbé inú ilẹ̀ náà ní ikùn.”

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́dún kejì, àgbàdo Kánjúkánjú kò tóbi mọ́, ó bá sọ ẹ̀kúnwọ́ kan di méjì. Ọdún náà ni ajá rẹ̀ kú, ó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, ó sin ín sí àárín oko.

Lọ́dún kẹta, ilẹ̀ náà dákẹ́. Ìrẹ̀ kò dún níbẹ̀. Ẹyẹ kò bà síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró lórí ilẹ̀ bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ekòló jáde, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n wọ́ gba inú kòtò kọjá sí oko ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ti Kánjúkánjú ti di eyín pọ̀.

Nígbà tó ń kọ ebè ọdún kẹrin, ọkọ́ rẹ̀ ba nǹkan rírọ̀. Ajá ni. Ewé tó fi wé e ṣì tutù yọ̀yọ̀. Irun rẹ̀ ń dán. Kò rùn rárá.

Ó sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ títí.

“Kò sí ẹni tó kù nínú ilẹ̀ yìí tó lè jẹ ẹ́,” ló wí.

Wọ́n gbé ajá náà lọ sin sí oko ẹ̀gbọ́n. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, eegun ló kù.

Àgbàdo Kánjúkánjú ga dé orúnkún, ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ga mọ́. Ó tún da ajílẹ̀ sí i, ewé bá jó gbẹ bí ẹni tiná bọ̀ ọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí pàdé, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, Kánjúkánjú ló ń fi orí ru ìgbẹ́ màlúù láràárọ̀ lọ sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bó bá dà á tán, á fi ìka gbẹ́ ihò kékeré, á wò ó bóyá ekòló kan ti padà. Kò tíì rí ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń bọ́ irúgbìn kó bọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú. Ajílẹ̀ inú àpò kò burú, ìgbẹ́ jíjẹrà nìkan sì lè má tó. Ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ lò wọ́n ní ìwọ̀nba. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó kánjú gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ kò ní í fún un ní nǹkan kan mọ́.

Ibi tí mo ti purọ́ nìyí: kò sẹ́ni tó rí àwọn ekòló nígbà tí wọ́n ń lọ. Èmi ni mo tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ajá yẹn, mo fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ó ṣì rọ̀.