Ìkún Fẹ́ Ta Ilé

Àlọ́ mi sáré títí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìkún. Ìkún fi ẹfun kun ògiri tó ti sán, ó fẹ́ ta ilé náà fún Ewúrẹ́. Ìta ló dúró sí, tó ń kọrin:

Ilé mi le bí àpáta,
— Jálánkátó!
Ẹ wò ó bó ṣe ń dán,
— Jálánkátó!

Ewúrẹ́ rí i pé onílé ò wọlé. "Bàbá Ìkún, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ jó."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ni Ewúrẹ́ bá ń gbe orin kíkankíkan. Orí Ìkún wú, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó jó wọlé. Gbì! Ògiri wó lù ú. Ó yọ jáde, ẹfun fa ìlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sá wọ ihò.

Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ẹfun yẹn dára o: kò tíì ṣí lára Ìkún dòní.