Olúyínká Fi Ojú Díyelé Irin Inú Omi

Ojú ni Olúyínká fi ń wọn iṣẹ́, ẹnu ló sì fi ń parí rẹ̀. Agérin ni ní Lálúpọn, iná gáàsì ló fi ń gé e, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í wo ìdí ohun tó bá fẹ́ díyelé. Àlá ló fẹ́ràn jù.

Ní ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wó ilé irin tí wọ́n ti ń fa omi láàárín adágún kan lẹ́yìn ìlú. Ẹsẹ̀ irin mẹ́jọ ló gbé e dúró. Ọ̀gá Elijah, akọ̀wé wọn, ní kí Olúyínká lọ wò ó, kí ó sì sọ iye tí yóò gbà láti gé àwọn ẹsẹ̀ náà nídìí, níbi tí omi fà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn.

Ó dé etí omi láàárọ̀. Ìkùukùu bo ojú adágún, ilé irin náà sì dà bí ẹni pé ó ń fò lókè rẹ̀. Bí Olúyínká ti ń wò ó, kì í ṣe irin ló ń rí mọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń lálàá àtikọ́ ló ń rí, tí Àjọkẹ́ ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Jùbrílù apẹja bá a níbẹ̀.

"Olúyínká, wọ ọkọ̀ mi ká jọ lọ sídìí irin yìí. Fi òòlù lù ú, kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo wà lára àwọn lébìrà tó rì í mọ́lẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, gígé mẹ́jọ. Mo ti rí i tán."

"Ti òkè lo rí," ni bàbá wí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọgọ́rin pọ́n-ùn ni Olúyínká sọ. Ọ̀gá Elijah gbà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí iṣẹ́ kò bá parí kí òjò tó dé, kò ní gba kọ́bọ̀. Láti ra gáàsì, Olúyínká fi oko kòkó bàbá rẹ̀ tó ti kú dógò lọ́dọ̀ olówó kan, oko tí ìyá rẹ̀ fi ń jẹun.

Iná kan ẹsẹ̀ kìíní, ó ń ta pàrà sínú omi, ó dùn-ún wò. Irin òde já. Sìmẹ́ǹtì ló kàn nínú rẹ̀, lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, irin mìíràn tó tún nípọn ju ti òde lọ! Ọjọ́ mẹ́fà ló fi gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ kan. Gáàsì ẹsẹ̀ mẹ́jọ tán lórí ẹsẹ̀ kẹta, òjò dé, adágún kún bo ojú iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi pé irin wà nínú irin."

"O ò bi mí. Mo ní kí o lọ wò ó, o ní o ti wò ó."

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka ìyá Olúyínká ni wọ́n gé mọ́ tirẹ̀. Olówó gba oko. Nígbà ìkórè, Àjọkẹ́ dúró létí oko tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ó ń bẹ àjèjì pé kó jọ̀wọ́, kó jẹ́ kí òun ṣa igi ìdáná díẹ̀. Olúyínká wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò bá ẹnikẹ́ni jà torí pé ó lá àlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ díyelé iṣẹ́, kó kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀, kó fọwọ́ kàn án, kó sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè. Iye tí a bá fi àìmọ̀ dá, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló sábà máa ń bá wa san án.