Ọmọ Ọba Boma Tí Kò Fẹ́ Ṣubú

Ọlálérè kì í ka ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ sí. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dára sí lébìrà.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá Olúfúnṣọ́ fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọlálérè àti Mutallib, bíríkìlà mìíràn, ló ń wá iṣẹ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ọmọ àwọn méjèèjì ń lọ, ni Màmá Olúfúnṣọ́ bá ní kí àwọn bàbá méjèèjì kópa nínú eré ìparí ọdún. Eré náà dá lórí ogun àtijọ́ kan láàrin àwọn ará Boma, níbi tí àwọn baba ńlá wa lọ jagun fún òyìnbó, àti àwọn ará Siamu tó múlé tì wọ́n. Orí erin ni aṣáájú méjèèjì ti kojú ara wọn. Ọlálérè ni ọmọ ọba Boma, tí yóò ṣubú. Mutallib ni ọba Siamu. Ọparun àti àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe erin, lébìrà mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Mutallib sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn tirẹ̀ lè mumi. Ọlálérè jókòó pa.

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, èjìká ń bó," ni Baba Jùwọ́n, àgbà inú wọn, wí lábẹ́ àpò.

"Ẹ ti rí erin tó ń ráhùn rí? Bẹ́ ẹ ò bá lè gbé mi, ẹ lọ gbé ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ fúyẹ́ jù yín lọ. Kì í sì í bú èèyàn."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọlálérè fi gìgísẹ̀ gbá Baba Jùwọ́n léjìká. Màmá Olúfúnṣọ́ rí i láti orí àga rẹ̀.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Mutallib fi ọ̀kọ̀ onípákó kan Ọlálérè láyà, ṣùgbọ́n kò ṣubú.

"Ṣubú jàre," ni Mutallib rọra wí. "Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn."

"Níwájú ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún wa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, ẹ sáré kọ lù wọ́n!"

"Uṣẹ́ ti tán," ni Baba Jùwọ́n wí. Ó yọ èjìká, àwọn mẹ́ta yòókù náà yọ tiwọn. Ọlálérè, ọparun, àpò, gbogbo rẹ̀ wó sínú eruku. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Olúfúnṣọ́ gbéṣẹ́ fún Mutallib, òun náà sì pe lébìrà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nígbà tí Ọlálérè rí iṣẹ́ kékeré kan ní Ìjàn, kò rí ẹni bá a lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń po kọnkéré, òun náà ló ń ru búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Agbára àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni ẹ fi ń jẹun. Bí wọ́n bá ní ó ti rẹ àwọn, ẹ gbọ́ wọn, kí ẹ má sì fàgbà wọ́lẹ̀ nítorí pé ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún un.