Bí Ẹgbẹ́ Ìmàdò Ṣe Pàdánù Pápá Wọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀. Ìwà ẹnìkan ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìwà tèmi tàbí tiyín.

1.

Akóredé, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, ló dá Ẹgbẹ́ Ìmàdò sílẹ̀. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní yunifásítì lọ́hùn-ún kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀, tó fi padà wálé. Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ o. Ó gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, àwọn géńdé tó dé akoto á sì máa kan ara wọn bí àgbò. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e dé, a rẹ́rìn-ín títí. Èmi gan-an wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Ó wá ilẹ̀ títẹ́jú títí, kò rí, àfi ọ̀kan létí Òkè-Ṣọpẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilẹ̀ ẹbí Alhaja Asimawu ni. Màmá yìí ló dàgbà jù nínú ẹbí náà, bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́. Kò gba owó, kò kọ ìwé. Ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló bèèrè. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kí Akóredé kó gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ wá sílé òun pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo kan, kí wọ́n kí ẹbí, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé orí ilẹ̀ ẹbí ni àwọn wà. Ó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ má rò pé owó ilẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo kan kò lè ra igun kan nínú pápá yẹn. Ó kàn ń fi hàn pé o kò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀.

2.

Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ìdíje tí Ìmàdò wọ̀ ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Ọdún kẹta ni wọ́n wọ líìgì tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, wọ́n gba ife, Ìjẹ̀bú-Igbó sì mì tìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gun ọ̀kadà wá láti Àgọ́-Ìwòyè, àwọn Aládùúrà ń fi sùtánà funfun jókòó sórí koríko wá wòran. Lọ́dọọdún, ogójì géńdé á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Alhaja, màmá á ṣàdúrà fún wọn, Àbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ á sì bu ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, wọn á jẹ ẹ́ tán pátá.

Ọdún keje, wọ́n tún gba ife. Ìgbà yẹn ni ìgbéraga wọ Akóredé lẹ́wù. Ní ọdún kẹjọ, ó fi epo rán ọlọ́kadà. Òun àti àwọn ọmọ kò yọjú. Ní ọdún kẹsàn-án, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó wá gbé pátákó ńlá sẹ́nu ọ̀nà: PÁPÁ AKÓREDÉ.

Jùwọ́nlọ, ọmọ ìlú Màmú tó jẹ́ kápútéènì wọn, lọ bá a ní kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì lọ kí Màmá o. Pátákó yìí náà ò dáa."

Akóredé ní, "Ẹgbẹ́ wo lo rí ní Amẹ́ríkà tó ń gbé epo lọ fún ìyá arúgbó? Ta ló mọ ilẹ̀ yìí kí n tó débẹ̀?"

Jùwọ́nlọ gbé akoto rẹ̀, ó padà sórí pápá. Ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún un ni, kí ló tún fẹ́ sọ?

3.

Ọdún yẹn náà ni Ìmàdò dé àṣekágbá. Àwọn aláṣẹ líìgì ní pápá Ìmàdò ni wọn yóò ti gbá a, bí onílẹ̀ bá ti lè buwọ́ lu ìwé pé òun gbà. Akóredé mú bíírò, ó buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Alhaja gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán Àbẹ̀bí sí i pé kó wá rí òun, ẹ̀ẹ̀mejì ni Akóredé sì ní òun ní ìpàdé.

Ẹbí bínú. Wọ́n pa ààlè sẹ́nu ọ̀nà pápá: wọ́n so màrìwò mọ́ igi, kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kò mọ ohun tí ìyẹn ń sọ? Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn aláṣẹ líìgì dé láti yẹ pápá wò. Akóredé rí ààlè, ojú tì í níwájú àlejò. Ó fà á tu, ó jù ú sígbó, ó ní àwọn ọmọdé ló ń ṣeré.

Alhaja wà lábẹ́ igi mángòrò lódìkejì títì, ó ń wò ó. Ó dìde, ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kí àwọn àlejò, ó sì sọ fún wọn pé ilẹ̀ bàbá òun ni wọ́n dúró sí. Ó wá kọjú sí Akóredé.

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí o ti débí ni mo ti ń pè ọ́ lọ́mọ mi. Epo rẹ kọ́ ni mo fẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o máa wá ni."

Ìṣojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì dùn mí.

Líìgì ní ìwé èké ni Akóredé fi sílẹ̀. Wọ́n yọ Ìmàdò kúrò nínú àṣekágbá, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú líìgì pátápátá. Kò tó oṣù méjì tí àwọn ẹgbẹ́ Èkó àti Àbújá fi ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ tán. Jùwọ́nlọ sunkún ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Akóredé gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja. Màmá ní kó dìde, ó ní òun ti dárí jì í, kí Allah náà dárí jì í. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un.

Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n a ti gbin pákí síbẹ̀, ọmọ mi."

Akóredé nìkan ló jẹun lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹgbẹ́ mọ́ tí ì bá kó wá.

Ẹ̀yin ará, ìkìlọ̀ nìyí. Bí o bá wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù onílé, tàbí nípò tí ẹnìkan fi ọ́ sí, máa lọ kí onítọ̀hún. Má fi epo rán ọlọ́kadà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn débẹ̀. Pípẹ́ níbì kan kò sọ ibẹ̀ di tìrẹ, ife méjì kò sì sọ àlejò di onílẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni a bá lábà ni baba.