Àwọn Àparò Ilẹ̀ Delbert

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí Verna Haugen ti di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń rọra rìn lọ sí ahéré pákó tó wà létí wáyà tó pààlà ilẹ̀ wọn àti ilẹ̀ Delbert, aládùúgbò wọn. Òtútù oṣù kẹrin ṣì mú ní Nebraska, yìnyín sì ń fọ́ lábẹ́ bàtà wọn. Kámẹ́rà Orrin wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Verna ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà nínú oòrùn, gbogbo àwòrán tó wà nínú fíìmù sì bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tún sún mọ́ ọn.

"Gbé ẹsẹ̀ sókè, àtẹ̀gùn rèé," Verna wí.

"Ojú mi ló lọ, arúgbó, ẹsẹ̀ mi ṣì wà nílé."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti ẹnu kámẹ́rà bọ ojú ihò ara pákó. Òfin ahéré náà kò le: bí àwọn àparò bá ti dé ibi tí àwọn akọ wọn ti ń jó fún abo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí wọn yóò fi lọ fúnra wọn. Orrin ti tọ̀ sínú bàtà rẹ̀ rí nítorí òfin yìí.

"Jẹ́ kí n yára lọ tọ̀ kí wọ́n tó dé," Verna wí.

"Ojoojúmọ́! Ṣé o gbé kànga mì ni?"

Verna jáde, ó gba abẹ́ wáyà kọjá, ó ń tẹ pòròpórò àgbàdo mọ́lẹ̀. Ó gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan sẹ́yìn òpó, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì padà.

Àparò kankan kò jó níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Delbert ti fi katakata ro ilẹ̀ náà. Ọdún yẹn gan-an ni ojú Orrin fọ́. Ó ń jókòó ti ògiri ilé ìdáná, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti dé?" Verna ní wọ́n ti dé. Irọ́ náà ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Nígbà tí Orrin gbọ́ ariwo katakata, Verna ní Delbert ló ń tún ọ̀nà ṣe. "Ó kúkú yẹ kó tún un ṣe," ni Orrin fi dá a lóhùn. Nínú àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé ni Verna ti rí kásẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀kan nínú àwọn tí Orrin fúnra rẹ̀ ti gba ohùn ẹyẹ sí láyé ọjọ́un. Bátìrì tó kọ́kọ́ fi sínú rédíò náà ló ṣì ń lò. Kò tíì kú, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀, ó ń hùn bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò.

"Méjì ti kojú síra wọn," Verna sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọ̀kan ti na ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ sókè bí etí ehoro. Ó ń janlẹ̀."

"Abo ńkọ́?"

"Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣe bíi pé kò rí wọn."

"Bí ìwọ náà ṣe ṣe sí mi nílé ijó nìyẹn." Orrin rẹ́rìn-ín, ó sì ya àwòrán.

Ẹ̀fúùfù gbo pákó ahéré náà jìgìjìgì.

"Afẹ́fẹ́ yìí kò tiẹ̀ dí wọn lọ́wọ́," Orrin wí.

"Akọni ni wọ́n."

"Akọni ni wọ́n lóòótọ́, Verna." Ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó sì dì í mú títí ohùn náà fi dákẹ́.

Ní ọ̀sán, Marit, ọmọ wọn, pè wọ́n lórí fóònù. Ó fẹ́ gba gbogbo fíìmù náà lọ fọ̀, kí ó fi àwọn àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀.

"Fi fíìmù mi sílẹ̀, ọmọ yìí," Orrin wí.

"Dádì, ẹ má ṣèyọnu. Màmá ò tiẹ̀ ní ṣe nǹkan kan. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Verna mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Pòròpórò àgbàdo ni gbogbo ìjọ yóò rí lórí ògiri, ẹnìkan yóò sì bi Orrin pé kí ló ń yà. Yóò padà sídìí ògiri ilé ìdáná, kò sì ní dìde mọ́.

Delbert wá gbé Orrin lọ gẹ irun nílùú, bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tó ti ro ilẹ̀ náà. Ojú ń tì í, kò lè wo Verna. Bí ọkọ̀ wọn ti lọ tán, Verna gbé kámẹ́rà náà àti àpò awọ tí Orrin ń kó fíìmù sí jáde síwájú ilé, níbi tí oòrùn ti mú jù. Yóò ba gbogbo wọn jẹ́. Orrin lè máa bínú sí i títí ayé, kò burú.

"Dárí jì mí," ó wí, ó dijú, ó sì ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà.

Nígbà tó lajú, kò sí fíìmù nínú rẹ̀. Inú àpò awọ ni gbogbo èyí tó ti ń rà fún un lọ́dọọdún wà, kò sí èyí tí wọ́n já páálí rẹ̀ nínú wọn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn bátìrì rédíò tó ti kú, tí wọ́n fi okùn dì pọ̀, pẹ̀lú páálí bátìrì tuntun kan tó ku ìdajì.